Ẹni Tó Panu Kò Tíì Jẹun

Ẹ̀yin ọmọ tó ń wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, "Bàbá, iṣẹ́ wo ló dáa kéèyàn kọ́?", ẹ jókòó dáadáa, torí èsì mi kò kúrú. Iṣẹ́ tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ ṣe, bí mo bá dárúkọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó sì gbọn aṣọ yín dìde. Ìtọ̀ ni mo ń sè. Ìtọ̀ èèyàn ni mo ń gbé kaná láràárọ̀, òun náà ni mo sì fi tọ́ ọmọ márùn-ún. Láti Ẹ̀fọ̀n dé Àrámọkọ títí wọ Ìjerò tí wọ́n ti bí mi, Bọ̀dá Onítọ̀ ni wọ́n mọ̀ mí sí.

Ìyá mi kò kọ́kọ́ gbà. Ó ní, "Táyọ̀, mo ta kòkó, mo fi rán ọ lọ sílé ìwé mọ́dà, ìtọ̀ lo wá lọ ń sè!" Fún odindi ọdún kan, bí wọ́n bá bi í léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, á ní mo wà ní ọsibítù, á sì yára yí ọ̀rọ̀ padà. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn: ìjọba ń wá ẹni tó mọ ìwé kà tí kò sì kórìíra ẹ̀gbin, mo kọ̀wé, wọ́n pè mí. Ayé Ìpínlẹ̀ Oǹdó nìyẹn, kí Èkìtì tó ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé bí èékánná rẹ bá ya lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, Àkúrẹ́ lo máa lọ fi sùn. Mi ò ní dárúkọ ọsibítù náà. Bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí dópin, ẹ ó mọ ìdí rẹ̀.

Àwọn alátọ̀gbẹ ni iṣẹ́ mi wà fún. Ẹni tí àtọ̀gbẹ bá mú, ara rẹ̀ kì í lè lo ṣúgà tó wà nínú oúnjẹ bó ṣe yẹ. Ṣúgà náà á máa kún inú ẹ̀jẹ̀, títí tí yóò fi máa bá ìtọ̀ jáde. Àwọn àgbà wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, torí èèrà ló ń kọ́kọ́ sọ fún wọn: ibi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tọ̀ sí, èèrà á bò ó. Iṣẹ́ tèmi ni láti mọ bí ṣúgà náà ṣe pọ̀ tó, kí Dókítà lè mọ iye oògùn tí yóò fún un.

Sísítà Adúnní ló kọ́ mi. Nọ́ọ̀sì àgbà ni, òun ló ń bójú tó àwọn alátọ̀gbẹ ní gbogbo Ọjọ́rú. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìtọ̀ ẹnikẹ́ni. Ìgò ni mo ń fọ̀. Bí mo bá fọ̀ ọ́ tán, á gbé e sí ojú fèrèsé, á wò ó yí po, á ní, "Táyọ̀, ìka ta ló wà lára èyí?" Màá tún gbé e padà sínú omi ọṣẹ. Mo sunkún nítorí ìgò, ẹ má sọ fún àwọn ọmọ mi.

Nígbà tó ṣe, ó fi iṣẹ́ gan-an hàn mí. Omi oògùn kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró. A ó da díẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, a ó kán ìtọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mẹjọ, a ó fi ẹ̀mú mú un, a ó sì sè é lórí àtùpà onísípíríìtì. Bó bá hó tán tí àwọ̀ aró ṣì wà níbẹ̀, kò sí ṣúgà. Bó bá di àwọ̀ ewé, ṣúgà ti ń yọjú. Bó bá pọ́n bí ìyeyè, ó ti ń di ẹjọ́. Bó bá pupa bí bíríkì, ká pe Dókítà.

Bí mo bá ti ń kán an, Sísítà á dúró sẹ́yìn mi, á máa kà á dé ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Lọ́jọ́ kan ọwọ́ mi gbọ̀n, ẹ̀kán kẹsàn-án bọ́ sí i. Mo ní kò burú. Ó da gbogbo rẹ̀ nù, ó ní kí n lọ bẹ ìyá tó ni ín kó tún tọ̀. Ẹ wo èmi gìrìpá níwájú ìyá arúgbó: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa tọ̀ díẹ̀ sí i." Ìyá náà wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Èyí tí mo kọ́kọ́ fún yín ńkọ́, ṣé ẹ ti mu ún ni?" Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ mi kò gbọ̀n mọ́.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Lẹ́yìn àtùpà, bébà pẹlẹbẹ dé: a kàn ń kì í bọ ìtọ̀, a ó sì fi àwọ̀ rẹ̀ wé àwọ̀ tó wà lára agolo rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì, ẹ̀rọ kékeré dé, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ló ń gbà tí yóò fi sọ gbogbo rẹ̀. Inú mi dùn sí i, mi ò ní purọ́. Ìtọ̀ gbígbóná kò ní òórùn rere. Àmọ́ ohun tó wà nínú ìgò nìkan ni irinṣẹ́ lè sọ fún ọ. Bó ṣe débẹ̀, ẹnu lo máa fi béèrè, ẹnu náà ló sì kó bá mi.

Sísítà kò gbà pé oògùn nìkan lè wo àtọ̀gbẹ. Gbogbo Ọjọ́rú ló ń kọ́ àwọn aláìsàn. Ẹ jẹun ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Ẹ dín ohun tó ń di ṣúgà nínú kù, ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀. Ẹ máa rìn. Ẹ má fi ẹsẹ̀ lásán lọ sóko, bẹ́ẹ bá sì wẹ ẹsẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ wo àárín ọmọ ìka yín, torí egbò alátọ̀gbẹ kì í tètè jinná. Gbogbo wọn á ní, "A ti gbọ́." Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé kí wọ́n má fi ṣúgà sí tíì. Obìnrin kan láti Òkè-Ìmẹ̀sí fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun ti jáwọ́ nínú ṣúgà pátápátá, tíì kíkorò ni òun ń mu. Kò kàn sọ fún wa pé odindi búrẹ́dì kan ni òun fi ń tì í ni.

Òfin kan wà: inú òfìfo ni kí gbogbo wọn bá wá láàárọ̀ Ọjọ́rú, kí oúnjẹ àárọ̀ má bàa da àyẹ̀wò rú. Kí n tó gba ìtọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, èmi ni mo ń béèrè, "Ṣé ẹ ti jẹun?", èmi náà ni mo ń kọ èsì rẹ̀ sórí káàdì.

Bàbá Ògúndáre wà lára wọn. Àgbẹ̀ ni láti Odò-Ọwá, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì dúró gbagidi. Ògún ni ìdílé wọn ń bọ. Àdá rẹ̀ kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí láti ọ̀dọ̀ wa ló ń gba oko lọ. Egbò kékeré kan wà ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kọ̀ tí kò san, Dókítà sì ti sọ ọ́ fún un gbangba: bí ṣúgà yìí kò bá wálẹ̀, ẹsẹ̀ náà lè lọ. Àgbẹ̀ tí kò ní ẹsẹ̀, kí ló kù?

Ọjọ́rú àkọ́kọ́, mo bi í: "Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Rárá o, mi ò tíì jẹun."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo sè é. Ó pupa bí bíríkì. Dókítà fi hóró oògùn kan kún ọ̀kan tó ń lò tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìbéèrè kan náà, èsì kan náà, pupa kan náà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Sísítà gba ìgò náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e wá sáàárín èrò.

Ó ní, "Bàbá, irọ́ lẹ ń pa. Ẹni tí kò jẹun, ìtọ̀ rẹ̀ kì í rí báyìí."

Bàbá dìde. "Sísítà, bàbá mi kò purọ́, èmi náà kò gbọdọ̀ purọ́. Mi ò tíì jẹun." Ló bá fa àdá yọ, ó fi ahọ́n kan ojú irin rẹ̀. "Bí mo bá ti jẹun lónìí, kí Ògún pa mí."

Kò sí ọmọ Èkìtì kan níbẹ̀ tí ara rẹ̀ kò bù máṣọ. Àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá kò lè wojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Sísítà kò mira. Ó ní, "Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a," ó sì wọlé lọ. Dókítà ní tirẹ̀, káàdì ló wò. Káàdì ní kò tíì jẹun. Ó di hóró mẹ́ta. Bàbá gbé oògùn rẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni kó tó lọ.

Ó wá bọ́ sí ìgbà tí iṣu àtijọ́ ti ń tán nílé tí tuntun kò sì tíì ta. Ọjọ́ Ẹtì kan ni. Dókítà ti lọ sí ìpàdé ní Àkúrẹ́, Sísítà wà ní ìsinmi ní Ìjẹ̀bú, àwọn nọ́ọ̀sì méjì tó kù sì wà lọ́dọ̀ aboyún kan tí ọmọ kọ̀ tí kò bọ̀. Ọkọ̀ akérò kan wọlé pẹ̀lú eré. Ìyá Bọ́sẹ̀, ìyàwó Bàbá Ògúndáre, ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, ó káwọ́ lérí. Wọ́n gbé Bàbá tẹ̀lé e. Ó ń gbọ̀n, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin fún òógùn, ojú rẹ̀ là àmọ́ kò mọ ẹni tó ń wò. Ìyàwó rẹ̀ ló ń pè ní yèyé rẹ̀ tó ti kú.

Awakọ̀ náà kò jẹ́ wá nítòsí. Ó ní, "Ògún ló mú un. Gbogbo ìlú ló gbọ́ pé ó fi irin búra èké níbí."

Ìyá Bọ́sẹ̀ bú sẹ́kún. "Wọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri. Bó bá kú báyìí, òkú òpùrọ́ ni wọ́n máa pè é. Ẹ gbà mí!"

Èmi nìkan ló kù níbẹ̀, èmi tó ń se ìtọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn Sísítà ń bẹ nínú etí mi bíi pé ó dúró sẹ́yìn mi. Ó ti kọ́ mi pé bí ara alátọ̀gbẹ bá gbẹ, tí òùngbẹ ń pa á, ṣúgà ló pọ̀ jù. Bó bá ń làágùn tútù, tó ń gbọ̀n, tó ń sọ ìsọkúsọ, ṣúgà ló tán lára rẹ̀, oògùn ti lé e lọ tán. Ìyẹn kò ṣe é dúró de Dókítà. Mo sáré lọ po gúlúkóòsì sínú ife. Bí mo ṣe gbé ṣíbí sún mọ́ ẹnu Bàbá, Ìyá Bọ́sẹ̀ di ọwọ́ mi mú.

"Kí nìyẹn?"

"Ṣúgà ni, mà."

"Ṣúgà! Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ṣúgà ló ń pa á? Ẹ fẹ́ parí rẹ̀ níṣojú mi ni?"

Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù tí kò tíì bà mí bẹ́ẹ̀ rí. Bí mo bá ṣì í, èmi ni mo pa ọkùnrin náà. Bí mo bá dúró, ó ń lọ. Mo ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Ṣé ó gbóná?" Ó fọwọ́ kàn án. Ọrùn náà tutù bí omi kànga. "Ebi ló ń pa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mà. Oògùn ti lágbára ju oúnjẹ inú rẹ̀ lọ. Ẹ bá mi gbé orí rẹ̀ sókè, ó ṣì ń gbé nǹkan mì." Ó wò mí lójú, ó wo ọkọ rẹ̀. Ó tú ọwọ́ mi sílẹ̀, ó gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan, ó ní, "Bó bá kú, èmi àti ìwọ ni."

Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń fi ṣíbí fún un. Ife kan tán. Mo po òmíràn. Kò tíì dé ìdajì ife kejì tí gbígbọ̀n náà fi rọlẹ̀, ó ṣẹ́jú, ó wo òrùlé, ó wò mí. Èdè Èkìtì ló fi sọ̀rọ̀: "Kí ni mò ń ṣe ní ubí? Oko ni mo wà." Ìyá Bọ́sẹ̀ pariwo ayọ̀ débi pé nọ́ọ̀sì sáré jáde láti ọ̀dọ̀ aboyún. Mo gbé ife sílẹ̀, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ni mo jókòó sí.

Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo fi bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ lo oògùn láìjẹun láàárọ̀ yìí ni?"

"Mi ò tíì jẹun. Uyán kò sí láàárọ̀, alẹ́ la ń gún un. Uṣu tí mo máa ń fi panu náà ti tán ní ulé, èyí tó kù kò ju ti uyán alẹ́ lọ."

"Panu báwo, Bàbá?"

"Uṣu sísun ni. Àgbẹ̀ kò lè jáde láìpanu. Bó ti wù kó kéré, màá sun ọ̀kan, màá fi epo lù ú."

"Odindi kan? Ní Ọjọ́rú tí ẹ ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa náà ńkọ́?"

"Gbogbo ọjọ́ ni." Ó wò mí bíi pé mo ti ń ya wèrè. "Ṣebí ẹ ní kí n má jẹun ni. Mi ò jẹun. Mo panu."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kò tíì lóye rẹ̀? Àwọn Yorùbá ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ní ibòmíràn wọ́n ń fi ìyẹn ṣeré. Lọ́dọ̀ wa, òfin ni. Ọkùnrin lè jẹ odindi iṣu sísun, kó jẹ ẹ̀kọ mẹ́fà lé e, kó fi ẹ̀wà tì í, bó bá délé tí kò sí iyán, á ní òun kò tíì jẹun láti àárọ̀. Òótọ́ inú rẹ̀ ló sì ń sọ. Sísítà, ọmọ Ìjẹ̀bú, ohun gbogbo tó bá ti kọjá ọ̀fun, oúnjẹ ni lójú tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kálukú ń gbọ́ tirẹ̀. Iṣu ló ń mú ìtọ̀ pọ́n ní Ọjọ́rú, a fi oògùn kún oògùn torí iṣu náà, ọjọ́ tí iṣu ìpanu tán, oògùn kò rí nǹkan jẹ mọ́, ó kọjú sí Bàbá.

Dókítà dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ní mo ṣeun. Ó fi omi sí Bàbá lára, ó dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́ta torí irú oògùn bẹ́ẹ̀ kì í tètè kúrò lára, ó sì dá oògùn padà sí hóró kan. Àwọn ará ọsibítù ń yìn mí. Ìyìn náà kò dùn lẹ́nu mi. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Sísítà kò mọ ilé wa, ṣùgbọ́n èmi, ọmọ Ìjerò, tí bàbá tó bí mi kì í pe ẹ̀kọ ní oúnjẹ, èmi ni mo béèrè, tí mo sì ń kọ ọ́ sórí káàdì.

Sísítà ti ìsinmi dé ní Ọjọ́ Ajé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo ń retí kó gbá mi létí. Kò gbá mi. Ó wọ yàrá tí Bàbá wà, ó sì kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun tí kì í jẹ́ kí eruku kàn.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo pè yín ní òpùrọ́ níwájú èrò. Òtítọ́ lẹ sọ."

Bàbá na ọwọ́ sí i. Ó wá ní, "Ẹ dìde, Sísítà. Ẹ̀yin kò mọ̀." Ó yíjú sí mi, èmi náà ti dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Uwọ ni mo bínú sí. Kí ni yèyé rẹ ń pe uṣu sísun ní ulé yín?"

Mo ní, "Ìpanu ni, Bàbá."

Ó ní, "Ó dáa tóo mọ̀."

Láti ọjọ́ yẹn, a kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó ti jẹun mọ́. Ohun tí mo ń bi wọ́n ni, "Kí ló ti kan ẹnu yín láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́?" Ẹ ò bá gbọ́ èsì! Gúgúrú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, ẹmu ìdajì igbá. Sísítà kò sọ iyán di èèwọ̀ fún wọn. Ó ní ẹni tó bá gba iyán lọ́wọ́ Èkìtì ti gba ẹ̀mí rẹ̀. Ó ní kí kálukú di ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀, kí iyán alẹ́ má ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ̀fọ́ ìlọ́po méjì rẹ̀ tẹ̀ lé e. Òtìlí, tó jọ ẹ̀wà, ni kí wọ́n máa fi panu dípò iṣu. Ìyá Bọ́sẹ̀ ń fi ẹ̀ṣẹ́ ọkọ rẹ̀ wọn iyán nínú abọ́, òun náà ló sì ń gbé àtùpà wo àárín ọmọ ìka rẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Ó gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí Bàbá tó padà wá. A tilẹ̀ rò pé ó ti bá wa parí rẹ̀. Ọjọ́rú kan ni mo rí i lókè ọ̀nà, tó ń bọ̀ pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀. Egbò ti jinná. Yàrá kún, awakọ̀ tó ní Ògún ló mú un náà wà níbẹ̀, ó gbé ìyá rẹ̀ wá. Bàbá jókòó, kí n tó béèrè ló ti ní, "Mi ò tíì jẹun, mi ò tíì panu, utọ́ ẹnu mi nìkan ni mo gbé mì."

Mo kán an lẹ́ẹ̀mẹjọ. Mo gbé e kaná. Ó hó, ó hó, àwọ̀ aró náà kò yẹ̀. Ojú ara mi ni mo kọ́kọ́ nù, kí n tó gbé ìgò náà jáde wá sáàárín èrò, sí ibi gan-an tí Sísítà ti gbé èyí pupa sí níjọ́sí. Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún kí gbogbo wọn lè rí i.

Ó ní, "Bọ̀dá Onítọ̀, wò ó dáadáa. Urọ́ mi dà níbẹ̀?"

Mo ní, "Kò sí, Bàbá. Kò síbẹ̀ rí."